Wọ́n Ti Ṣe É Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tán, Wọ́n Ní Kò Jáde Mọ́: Bí Owó Ṣe Ń Dá Kàtúùnù Dúró

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, tó bá ń wo kàtúùnù, ó lè gbàgbé oúnjẹ sórí iná. Ó ní: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe fíìmù kan parí, wọ́n ná nǹkan bí 70 mílíọ̀nù dọ́là sí i, wọ́n wá ní àwọn ò ní gbé e jáde torí owó-orí. Ṣé wọ́n ń jèrè nínú kí èèyàn má wo fíìmù wọn ni?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lórí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òun nìkan kọ́ ni kò yé. Coyote vs. Acme ni fíìmù tó ń béèrè, èyí tí ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá Amẹ́ríkà kan, Warner Bros., pinnu ní November 2023 pé àwọn ò gbé jáde mọ́. Àwọn kan ní gbèsè ló pa ilé-iṣẹ́ náà, àwọn kan ní wọ́n ti tà á, àwọn kan ní ọgbọ́n àtijẹ owó ìjọba ni. Wọ́n tún ń pe orúkọ kàtúùnù mìíràn sí i, Nimona àti Astro Boy, bí ẹni pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn.

Ohun kan náà kọ́. Nínú ọ̀kan, owó ló tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù. Nínú èkejì, owó ò tán, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ló yí padà. Nínú ẹ̀kẹta, fíìmù ti parí, ẹni tó ni ín ló ṣírò ó tó ní ó sàn kó wà nínú àpótí. Bí a bá ti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní ta kókó mọ́.

Ta ló ni kí ni nínú fíìmù kan?

Kàtúùnù tí mò ń sọ níbí ni èyí tí wọ́n yọ látinú ìtàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ìwé, bóyá ìtàn aláwòrán, bóyá géèmù. Ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ fi ń dúró dè é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ti mọ ìtàn náà, wọ́n ti fẹ́ràn ọmọ inú rẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n rí i kó máa rìn, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ mú un bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán fún òde. Ẹni tó kọ ìtàn ló ni aṣọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tà á dànù. Ó kàn gbà kí wọ́n rán an ni, ó sì sábà máa ń fún wọn ní gbèdéke: bí ọdún báyìí-báyìí bá kọjá tí wọn ò fọwọ́ kàn án, aṣọ á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ya àwòrán ni télọ̀. Télọ̀ lè mọ iṣẹ́ bí ẹni mọ owó, kó má lówó iná lọ́wọ́. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó ń san owó òwú, owó iná àti owó àwọn ọmọọṣẹ́, lérò pé tí ọjà bá tà, owó òun á padà wá pẹ̀lú èrè. Lẹ́yìn náà ni máàkẹ́tà, ẹni tó ń gbé e lọ sí sinimá, tó ń polówó rẹ̀. Àwọn tó mọ Ìdúmọ̀tà láyé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò ò nílò kí n ṣàlàyé agbára máàkẹ́tà fún wọn. Bí kò bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fíìmù rẹ á wà.

Àwa tí à ń dúró ńkọ́? Àwa ni àlejò tó ti wẹ̀ tán, tó ti kun àtíkè, tó ń wo ọ̀nà pé ọmọ télọ̀ ń bọ̀. Orúkọ wa ò sí nínú ìwé àdéhùn kankan.

Nígbà míì, ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè jẹ́ télọ̀, onígbọ̀wọ́ àti máàkẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, bí Disney àti Warner ṣe wà. Nígbà míì, télọ̀ kékeré kan ló ń wá owó kiri. Ohun tó lè bá ọ̀kan kọ́ ló lè bá èkejì, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀.

Kí ló dé tí àwòrán lásán fi ń gbówó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá wo kàtúùnù lè rò pé ó rọrùn ju fíìmù tí èèyàn ń ṣe lọ: òṣèré ò bínú lọ sílé, òjò ò ba iṣẹ́ jẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù jẹ́ àwòrán 24. Fíìmù tó gba wákàtí kan àti ààbọ̀ á jẹ́ àwòrán 129,600. Ohun gbogbo tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irun orí, òjìji lára ògiri, ewé tó ń mì, ẹnì kan ló jókòó ṣe é, tàbí ló sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe ṣe é.

Wọ́n á kọ́kọ́ ya gbogbo ìtàn náà ní wúruwùru látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ìtàn ń lọ, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa mọ àwọn ẹni inú ìtàn sínú kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ ère, tí wọ́n á fi egungun sí wọn kí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀, tí wọ́n á kọ́ wọn ní ìrìn, tí wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn lára, kí kọ̀ǹpútà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwòrán ìkẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba ọdún mẹ́ta, ó lè gba mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ.

Ní gbogbo ọdún yẹn, kọ́bọ̀ kan ò wọlé látara fíìmù náà. Kò dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n yan láàárọ̀ tí wọ́n tà lọ́sàn-án. Oko kòkó ló jọ: o gbìn ín, ò ń ro ó, ò ń sanwó lébìrà lọ́dọọdún, kò tíì so. Bí owó bá dá fún oṣù méjì péré, àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ náà á gba ibòmíràn lọ, àtikó wọn jọ padà á sì di iṣẹ́ mìíràn. Èyí ló fà á tí ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ kàtúùnù kan ò lówó lọ́wọ́ fi ń ba àwọn olólùfẹ́ lẹ́rù ju ti ilé-iṣẹ́ fíìmù mìíràn lọ. Ẹ̀rù náà tọ́.

Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ télọ̀: Astro Boy àti Gatchaman

Astro Boy jẹ́ ìtàn ọmọkùnrin róbọ́ọ̀tì kan tí Osamu Tezuka bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní Japan lọ́dún 1952. Nígbà tó di 1963, ó ti dé orí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Imagi ní Hong Kong kéde pé àwọn á fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di fíìmù sinimá, ọmọdé nìkan kọ́ ló ń retí rẹ̀. Àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀.

Imagi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òmìrán. Ìdílé tó dá a sílẹ̀, igi Kérésìmesì oníke ni wọ́n fi lówó. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń kó o lọ tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn wọn. Lọ́dún 2007, wọ́n gbé TMNT jáde, fíìmù àwọn ìjàpá mẹ́rin tó ń ja kúńfú. Ó ná wọn ní nǹkan bí 34 mílíọ̀nù dọ́là, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà káàkiri ayé sì jẹ́ nǹkan bí 95 mílíọ̀nù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti yára ṣírò ó báyìí: yọ 34 kúrò nínú 95, èrè 61. Rárá o. Ilé sinimá á kọ́kọ́ mú tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń súnmọ́ ìdajì. Máàkẹ́tà á yọ owó ìpolówó, á tún yọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni onígbọ̀wọ́ àti télọ̀ ń pín. Ẹ fi sọ́kàn: bí owó tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù kan ò bá tó ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi ṣe é, ó ṣòro kí ó tó mú èrè wálé láti sinimá. TMNT kọjá ìlọ́po méjì, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹnikẹ́ni di olówó.

Imagi wá gbé iṣẹ́ méjì dání pọ̀, Astro Boy àti Gatchaman. Gatchaman náà ti Japan wá, láti ọdún 1972, ìtàn àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó ń wọ aṣọ ẹyẹ jagun. Àwọn tó wò ó ní kékeré ò gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 2008 ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, báǹkì ò sì fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, owó ti tán ní Imagi. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró, iṣẹ́ Astro Boy fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, títí wọ́n fi rí owó yá.

Ohun tó dà á rú mọ́ àwọn olólùfẹ́ lójú ni pé wọ́n ti rí tírélà. Kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì gba Ṣàgámù o, fíìmù kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó ni mò ń sọ. Ẹni tó bá rí i á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó ti wà nílẹ̀." Tírélà kì í ṣe ẹ̀rí pé fíìmù wà nílẹ̀. Nígbà míì, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì yẹn nìkan ni wọ́n ṣe parí kí wọ́n lè fi wá onígbọ̀wọ́. Télọ̀ lè rán ọrùn aṣọ kan kó sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń kọjá lọ ò ní mọ̀ pé kò lápá.

Astro Boy rí ọ̀nà jáde ní October 2009. Wọ́n ná nǹkan bí 65 mílíọ̀nù dọ́là sí i; owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ káàkiri ayé jẹ́ nǹkan bí 42 mílíọ̀nù. Ẹ fi ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn wọ̀n ọ́n, ẹ máa rí ibi tó já sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ọ́fíìsì wọn ní Los Angeles pa. Gatchaman tiwọn, èyí tí wọ́n ti ń wo 2011 fún, kò jáde títí dòní. Àwọn tó ń dúró dè é ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Fíìmù mìíràn ló jẹ gbèsè, tiwọn ni wọ́n fi san án.

Nígbà tí wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú télọ̀ inú rẹ̀: Nimona

Lọ́dún 2012, ND Stevenson bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn aláwòrán kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn ọmọbìnrin oníjàngbọ̀n kan tó lè para dà di ẹranko tó bá wù ú. Nimona lorúkọ rẹ̀. Ó di ìwé lọ́dún 2015, ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox gba ẹ̀tọ́ àtifi ṣe fíìmù. Blue Sky ni wọ́n gbé e fún, télọ̀ inú ilé Fox fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn tó ṣe Ice Age àti Rio. Ilé-iṣẹ́ tí ebi ń pa kọ́ nìyẹn. February 14, 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé yóò jáde. Wọ́n sún un síwájú. Wọ́n tún sún un.

Láàárín ìyẹn, ní March 2019, Disney ra Fox ní nǹkan bí 71 bílíọ̀nù dọ́là, Blue Sky sì bá ẹrù lọ. Bẹ́ẹ̀ Disney ti ní Pixar, ó sì ní ilé-iṣẹ́ kàtúùnù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ká ní ẹnì kan ti ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ méjì tó lókìkí jù ládùúgbò, ó wá ra ilé ńlá kan nítorí àwọn ohun iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó wọ ẹ̀yìnkùlé ló rí i pé télọ̀ kẹta wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún. Kò kórìíra télọ̀ náà. Kò kàn mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe ni.

Kòrónà wá dé. Sinimá tì, ọgbà ìgbafẹ́ Disney tì, owó tó ń wọlé bí omi sì gbẹ. Ní February 2021, Disney kéde pé àwọn á ti Blue Sky pa, ìdí tí wọ́n fi síta ni bí ọrọ̀ ajé ṣe rí nígbà náà. Nǹkan bí 450 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé Nimona ti dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn kan lára wọn tún sọ fún àwọn oníròyìn pé ara àwọn ọ̀gá Disney ò balẹ̀ sí ìfẹ́ tó wà láàárín ọkùnrin méjì nínú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ owó ni Disney ní tirẹ̀ sọ.

Ìbéèrè tí gbogbo ayé ń béèrè ni pé: èyí tó kù ò ju ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ló dé tí wọn ò kúkú parí rẹ̀? Ibí yìí ni èrò oníṣòwò ti yàtọ̀ sí èrò olólùfẹ́. Olólùfẹ́ ń wo owó tó ti wọlẹ̀. Oníṣòwò ní èyí tó ti lọ ti lọ, yálà a parí rẹ̀ tàbí a ò parí rẹ̀. Ohun tó ń wò ni èyí tó kù: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ sí i, lẹ́yìn náà owó ìpolówó, èyí tó ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là fún fíìmù ńlá. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé tí mo bá kó ìyẹn sílẹ̀, ṣé máa rí i padà? Ní àkókò tí sinimá ṣì wà ní títì, tí fíìmù Disney fúnra rẹ̀ ń tò lẹ́yìn ara wọn, ìdáhùn wọn ni pé rárá. Ẹni tó ti kọ́ ilé dé òrùlé rí, tó sì dá a dúró nítorí owó páànù, mọ ohun tí mò ń wí.

Àmọ́ Nimona ò kú síbẹ̀. Robert Baird àti Andrew Millstein, tí wọ́n jẹ́ olórí Blue Sky kí wọ́n tó tì í pa, gbé ohun tó wà nílẹ̀ kiri láti fi han àwọn tó lówó. Megan Ellison tó ni ilé-iṣẹ́ fíìmù Annapurna wò ó, ó sì gbà á. Ní April 2022, wọ́n kéde pé Annapurna àti Netflix á gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ DNEG ló sì ṣe àwòrán rẹ̀. Ó jáde lórí Netflix ní June 30, 2023, ó sì wà lára àwọn kàtúùnù tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2024.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n gbà là níbẹ̀ àti ohun tí wọn ò gbà là. Aṣọ ló yè. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣí mọ́.

Ṣé wọ́n ń jèrè nínú kí fíìmù má jáde ni?

Ó wá kan ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ní April 2022, wọ́n da ilé-iṣẹ́ Warner pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Discovery. Gbèsè tó wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ tuntun náà lé ní 50 bílíọ̀nù dọ́là. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé fíìmù méjì sínú àpótí lọ́jọ́ kan náà: Batgirl, tó ti gba nǹkan bí 90 mílíọ̀nù, àti Scoob! Holiday Haunt tó jẹ́ kàtúùnù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan Coyote vs. Acme, fíìmù tó da kàtúùnù pọ̀ mọ́ èèyàn gidi, tí wọ́n yọ látinú àpilẹ̀kọ apanilẹ́rìn-ín kan tí Ian Frazier kọ lọ́dún 1990.

Báwo ni ọ̀rọ̀ owó-orí ṣe wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta tòmátì. Ká ní ó jèrè mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ́dún, òfin sì ní kó san owó-orí lórí èrè rẹ̀. Ó wá ní tòmátì mílíọ̀nù méjì tó jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun pàdánù mílíọ̀nù méjì, wọ́n á sì gba owó-orí lórí mẹ́jọ dípò mẹ́wàá. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Gbogbo oníṣòwò tó ń kọ ìwé ọjà rẹ̀ dáadáa ló ń ṣe é.

Ti fíìmù fi díẹ̀ yàtọ̀. Owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù kì í di ìnáwó lójú ìwé lọ́jọ́ kan. Wọ́n máa ń pín in sí ọ̀pọ̀ ọdún bí fíìmù náà bá ṣe ń pawó wọlé. Àmọ́ bí wọ́n bá kéde pé fíìmù yìí ò níye lórí mọ́, wọ́n lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí àdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó so mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá sọ pé tòmátì òun ti jẹrà ò gbọ́dọ̀ tún gbé e lọ sọ́jà lọ́la. Ìdí nìyẹn tí fíìmù náà fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí.

Ó wá ku iye. Owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń gbà lórí èrè ilé-iṣẹ́ jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ 70 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ bí àdánù, ohun tí yóò yọ kúrò nínú owó-orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 14.7 mílíọ̀nù. Ẹ wò ó dáadáa: ó ná 70, ó rí 14.7 padà. Èrè kọ́ nìyẹn. Ẹni tó já bọ́ sí kànga tó rí okùn dì mú ni. Èyí tó tún kù nínú ìṣirò wọn ni owó ìpolówó tí wọn ò ní ná mọ́. Lójú wọn, àdánù tí wọ́n mọ iye rẹ̀ lónìí sàn ju èyí tí wọn ò mọ̀ lọ́la.

Èmi ò gbà pé ìṣirò yẹn péye, ẹ dárí jì mí. Ẹni tó ń darí fíìmù lónìí, tó rí i pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè dé inú àpótí láìsí ẹni tó wò ó, á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ìtàn rẹ̀ tó kàn lọ síbẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ti Coyote ò tíì parí síbẹ̀. Nígbà tí ìpinnu náà di ariwo láàárín àwọn òṣèré àti àwọn olùdarí fíìmù, Warner gbà kí wọ́n wá ẹni tó máa rà á. Ó lé lọ́dún kan kí olùrà tó dúró. Ní March 2025, máàkẹ́tà kan tó ń jẹ́ Ketchup Entertainment rà á, ìròyìn ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì kéde August 28, 2026 fún sinimá. Batgirl ò rí irú rẹ̀.

Ṣé ariwo àwọn olólùfẹ́ ń ran fíìmù lọ́wọ́?

Ó sinmi lórí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí owó bá ti tán lọ́wọ́ télọ̀, bí Imagi, ariwo ò lè san owó oṣù. Bí fíìmù bá ti parí tó wà lọ́wọ́ olówó, ariwo lè dójú tì í débi pé á sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá rà á. Bí ó bá jẹ́ irú ti Nimona, ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tinú-tẹ̀yìn, tó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. Láàárín èmi àtiyín, mi ò tíì rí ilé-iṣẹ́ kan tó yí ọkàn padà nítorí àkójọ orúkọ tí àwọn èèyàn bu ọwọ́ lù nìkan.

Àwọn kan á ti máa ronú nípa Iyanu báyìí, kàtúùnù tí wọ́n fi àṣà Yorùbá dá, tí wọ́n yọ látinú ìwé aláwòrán Roye Okupe. Eré orí tẹlifíṣọ̀n lèyí o, kì í ṣe fíìmù sinimá. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní April 2025, Warner tí à ń sọ yìí ló sì ni Cartoon Network nígbà náà. Ṣùgbọ́n Lion Forge Entertainment ló ṣe é. Ẹni tó ń fi í hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń rán an.

Kí lẹ lè máa wò tí ẹ bá ń dúró de fíìmù kan?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá máàkẹ́tà wà. Bí wọ́n bá ń polówó fíìmù tí kò sí orúkọ ẹni tó máa gbé e lọ sí sinimá, owó ṣì ń wá ọ̀nà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá. Sísún un síwájú lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan, kàtúùnù tó dáa náà ń pẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ tún yí padà láàárín ìyẹn, ó yẹ kára fu yín. Nimona rí gbogbo èyí kí Disney tó sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìròyìn nípa iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ju ìròyìn nípa tírélà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ náà, ẹ má yára patẹ́wọ́ pé olówó dé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó ń rà á ti ní télọ̀ nílé.

Mo sọ gbogbo èyí sínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́ padà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó gùn débi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbà á. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó dáhùn. Ohun tó béèrè ò ju ẹyọ kan: "Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ta ló wá ni Gatchaman báyìí?"

Mo ní Tatsunoko ni, ní Japan, àwọn tó ni ín láti 1972.